Ẹhànnà Tí Ó Ní Ẹsẹ̀ Ènìyàn

Láyé àwọn baba wa, kí ìwé tó wọ ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí ó mú kí ojú wọn kọ ara wọn, tí ó sì fi í rán ìránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú kejì, ẹni tí ó gbà á kò ní jókòó máa wo bí òwú rẹ̀ ti rí tàbí bí ara ẹyọ ti ń dán; lójú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń fẹ́ kí àwọn fojú rinjú, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni àwọn ẹyọ náà kọ sí ara wọn, yóò mọ̀ pé àárín àwọn ti dàrú. Àrokò nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí a tó dì í. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe fún àwọn baba wa, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́ pé bí àwa àgbà bá ṣí ìwé ìtàn àròsọ tí a ṣe fún àwọn ọmọdé, ìtàn ti iwin àti ẹbọra àti ẹranko tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, àrokò ni a máa ń fẹ́ sọ àwòrán inú rẹ̀ dà. A ó ní igbó dúró fún ayé, òṣùpá dúró fún ìrètí, ẹranko abìwo dúró fún Sàtánì. Lẹ́yìn náà a ó pa ìwé dé pẹ̀lú ìdánilójú pé a ti túmọ̀ ohun tí a kò tíì wò. Bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì ti jó ijó tirẹ̀ tán kí àgídìgbo tó dún, a kò lè sọ pé ó gbọ́ ìlù.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò, nítorí pé bí ó ti jẹ́ ọ̀ràn iṣẹ́ ọnà náà ni ó jẹ́ ọ̀ràn ìgbàgbọ́ lójú mi: ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí, ǹjẹ́ a lè yà á kí àwòrán náà jẹ́ òtítọ́? Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, ta ni ó ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó yà á ni tàbí ẹni tí ń wò ó?

Kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ojú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé kan ṣoṣo kí a sì tẹjú mọ́ ọn. Ní ọdún 1963 ni Maurice Sendak, ọmọ àwọn Júù tí wọ́n ti ilẹ̀ Pólàńdì ṣí wá sí Brooklyn ní ìlú New York, gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Where the Wild Things Are. Gbólóhùn 10 péré ni ó wà nínú gbogbo rẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò sì gùn. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Max wọ aṣọ ìkookò, ó ń ṣe ìpáǹle káàkiri ilé. Ìyá rẹ̀ bá a wí, ọmọ náà sì fèsì pé òun yóò pa ìyá jẹ. Ni ìyá bá ní kí ó lọ sùn láìjẹun. Nínú yàrá rẹ̀ ni igbó ti hù, òkun ti dé, ọkọ̀ ojú omi ti dé, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn ẹhànnà, níbi tí ó ti tẹjú mọ́ ojú wọn láìṣẹ́jú títí wọ́n fi túúbá, tí wọ́n sì fi í jẹ ọba. Nígbà tí ó ṣe, àárò ilé sọ ọ́, ó fi adé sílẹ̀, ó padà, ó sì bá oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Ní ọdún 1964 ni a fún ìwé náà ní àmì ẹ̀yẹ Caldecott, èyí tí ó ga jù lọ tí a ń fún ayàwòrán ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wo èèpo iwájú ìwé náà ná. Ẹhànnà kan jókòó létí omi, orí akọ màlúù ni orí rẹ̀, ìwo méjì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, irun bo ara rẹ̀ bámúbámú. Ó di ojú bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ọkọ̀ kékeré kan wà lórí omi, ṣùgbọ́n ọmọ inú ìtàn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo fi í han ọmọ àbúrò mi kan, tí mo ti múra láti sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù, kò wo ìwo, kò wo irun, ìka ni ó nà sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ni." Òtítọ́ sì ni. Ẹsẹ̀ ẹhànnà yìí kò ní pátákò, kò ní èékánná bí ti ẹkùn; ẹsẹ̀ lásán ni, tòun ti ọmọ ìka, bí ẹsẹ̀ bàbá ẹni tí ó bọ́ bàtà tí ó fẹ́ sinmi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ẹni tí ó ń wá àrokò yóò ti rí ìwo, yóò sì ti dá ẹjọ́: abìwo, ará ọ̀run àpáàdì. Ẹsẹ̀ yìí ni yóò máa pe ìdájọ́ náà nírọ́ títí láé, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè wò ó pẹ́ kí ó má rí i pé ẹ̀dá yìí bá wa tan níbì kan.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú àgbà máa ń fò. Kí ọmọ náà tó kúrò nílé, nígbà tí ó ṣì ń lé ajá lórí àtẹ̀gùn tòun ti fọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwòrán kékeré kan wà lára ògiri ilé wọn. Bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ojú ẹhànnà ni, orúkọ Max sì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó yà á. Ìtàn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Kò sí gbólóhùn kan nínú 10 náà tí ó dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí àwòrán ara ògiri yìí ń sọ wúwo ju gbogbo ìrìn àjò orí òkun lọ, nítorí pé ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹhànnà ti wà nínú ilé kí ìbínú ìyá tó dé, àti pé ọwọ́ ọmọ náà gan-an ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Ilẹ̀ tí Max wa ọkọ̀ lọ kò jìnnà sí àyà rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ohun tí ó ń mú kí ara ẹni yípadà bí a ti ń wo àwòrán wọ̀nyí, nítorí ibẹ̀ ni mo gbà pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Àwòrán àkọ́kọ́ nínú ìwé náà kéré, àyè funfun gbígbòòrò sì yí i ká bí ògiri. Ọmọ náà wà láàárín rẹ̀ bí ẹni tí a há mọ́. Bí ìbínú rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni àwòrán ń tóbi sí i, tí àyè funfun ń fà sẹ́yìn, títí tí igbó fi hù nínú yàrá tí ògiri sì wó, tí àwòrán fi gba gbogbo ojú-ewé, tí ó sì kún bo ojú-ewé kejì, tí ó ń ti ọ̀rọ̀ kíkọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí Max jọba tán, tí ó pàṣẹ kí ìjó bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parẹ́ pátápátá: ojú-ewé méjì méjì lọ́nà mẹ́ta ni a ó ṣí tí a kò ní rí lẹ́tà kan ṣoṣo, àfi ọmọ àti ẹhànnà, tí wọ́n ń ké sí òṣùpá, tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, tí wọ́n ń yan bí ará ìlú tí ọba wọn gun ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ padà dé, tí àyè funfun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí padà wá díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó pàdé rí láti fohùn ṣọ̀kan pé àyè funfun ni ìdè, tàbí pé àwòrán tí ó kún ojú-ewé ni ìbínú. Síbẹ̀, ara ọmọ tí ń ṣí ìwé náà mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n: ojú rẹ̀ ń là, èémí rẹ̀ ń gùn, ohùn rẹ̀ ń ròkè, a kò sì sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Sendak kò lo pupa gbígbóná tàbí ewéko títàn láti fi dẹ́rù ba ènìyàn. Àwọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọ̀ eérú àti ti aró tí ó ti ṣá, ó sì fi kálàmù fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń dábùú ara wọn lé e lórí, tí ara igi, ara ẹranko, àti ara ojú ọ̀run fi dà bí ohun tí a fi ọwọ́ hun. Nítorí èyí ni ìbẹ̀rù inú ìwé náà kò ṣe dá dúró rí. Àárò wà lára rẹ̀, oorun sì wà lára rẹ̀. Òṣùpá tí ó wà lójú fèrèsé nígbà tí a lé ọmọ náà wọ yàrá rí tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí ó sì padà dé, òṣùpá ti kún rọ́ńdọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, kí ẹlòmíràn sì sọ pé ọmọ náà ni ó ti kún. N kò ní bá èyíkéyìí nínú wọn jà.

Ta ni ó wá ni ìtumọ̀ wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò dáhùn kíákíá pé ẹni tí ó yà á ni, nítorí ẹni tí ó bí ọmọ ni í sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìtàn bí a ti ṣe ìwé yìí kò jẹ́ kí ìdáhùn náà rọrùn. Ẹṣin ni Sendak kọ́kọ́ fẹ́ fi sínú rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn ẹṣin ẹhànnà ni ìwé náà ì bá jẹ́, bí kò bá ṣe pé ó rí i pé ọwọ́ òun kò gba ẹṣin yíyà. Nígbà tí ẹṣin kọ̀ tí ó ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, ojú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ó jáde láti inú kálàmù, àwọn arákùnrin àti arábìnrin òbí rẹ̀ tí wọ́n máa ń wá jẹun nílé wọn ní Brooklyn nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó sọ ọ́ fún ayé lẹ́yìn náà pé ojú wọn pọ́n, eyín wọn kò dára, wọn a sì máa fún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn a ní ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fi lè jẹ ẹ́ tán. Àjèjì ni wọ́n ní ìlú náà. Púpọ̀ nínú àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ tí wọ́n kù sẹ́yìn ní Pólàńdì ni ìjọba Hitler pa. Ìfẹ́ tí ó dà bí ìpa, ẹ̀rù tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni wá: ohun tí ọmọ kékeré náà rí lára wọn nìyẹn tí kò ní orúkọ fún un, ohun náà sì ni ó fi ẹsẹ̀ ènìyàn sí abẹ́ akọ màlúù. Ayàwòrán bí àwòrán náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó gbé sínú kí ó tó bí i.

Ṣé ẹni tí ń wò ó ni ó ni ín nígbà náà, kí oníkálukú máa sọ ohun tí ó wù ú? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1969. Bruno Bettelheim, ọ̀jọ̀gbọ́n tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà lórí ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn ọmọdé, sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn Ladies' Home Journal pé ìwé yìí léwu fún ọmọ, nítorí pé kí a lé ọmọ lọ sùn láìjẹun, kí ó sì jẹ́ ìyá tí ń bọ́ ọ ni ó ṣe é, jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí ó burú jù lọ. Bẹ́ẹ̀, kò ì tíì ka ìwé náà. Ohun tí àwọn ìyá kan sọ fún un nípa rẹ̀ ni ó fi dájọ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, òun ni àgbà òṣìkà. N kò pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní òṣìkà, ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí pé oúnjẹ tí ó ń bẹ̀rù pé a fi du ọmọ náà ni ohun tí ìwé náà fi parí. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ lórí tábìlì. Ìbá ṣí ojú-ewé, ìbá rí i.

Ìlànà kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó jọ mí lójú pé ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí ju gbogbo àríyànjiyàn yìí lọ, ìlànà Ọ̀rúnmìlà ni, Ẹlẹ́rìí Ìpín, Akéréfinúṣọgbọ́n. Bí ẹnìkan bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo, kò ní sọ ohun tí ó gbé e wá. Owó ni yóò gbé sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí babaláwo kò ní gbọ́. Babaláwo yóò pa ikin, yóò tẹ odù tí ó jáde sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, ojú Èṣù Láàlú tí a gbẹ́ sí etí ọpọ́n yóò máa wò ó bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí ki ẹsẹ̀ Ifá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ẹni tí ó wá yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, tí yóò sì ní ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Babaláwo kò mọ ọ̀ràn náà, nítorí náà kò lè fi ìtumọ̀ lé ẹni tí ó wá lọ́wọ́ bí ẹni fi ẹrù lé orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá pẹ̀lú kò lè mú ohun tí ó wù ú: odù 256 ni ó wà, bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni ó jáde, a kò lè fi Ìwòrì Méjì rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ojú oníbèérè fà ro. Ohun tí a tẹ̀ sórí ọpọ́n dúró, gbangba ni ó wà, òun ni ó sì ń ṣe ààlà fún àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí ọ̀rọ̀ àwòrán. Ohun tí ayàwòrán fi kálàmù fà ti jáde, kò sí ẹni tí yóò yí i padà: ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán ara ògiri wà níbẹ̀, oúnjẹ wà lórí tábìlì. Ẹ̀dùn tí olúwarẹ̀ gbé wá síwájú rẹ̀ ni ẹnìkejì kò mọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú àti ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lè jókòó lórí ẹní kan náà kí wọ́n wo ojú-ewé kan náà, kí ìtumọ̀ tí oníkálukú mú lọ má sì jọra, kí méjèèjì sì tọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti sọ pé ohun tí kò sí lórí ọpọ́n ni ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe máa bi ọmọ léèrè pé kí ni àwòrán yìí dúró fún. Ẹ bi í pé kí ni ó rí. Bí ó bá ti sọ ohun tí ó rí tán, ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí onígbàgbọ́ kan wà, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì, tí ọkàn wọn kò balẹ̀ rárá sí irú ìwé báyìí, tí wọ́n gbà pé ohun tí ó bá ní ìwo tí ó sì ní eyín gígùn, ọ̀dọ̀ ẹni ibi ni ó ti wá, àti pé ẹ̀rù tí ọmọ bá bà níwájú àwòrán lè di ilẹ̀kùn fún ẹ̀mí mìíràn. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé wòlíì Ìsíkíẹ́lì sí orí kìn-ín-ní. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti bá ẹ̀dá alààyè mẹ́rin pàdé, tí ìrísí wọn jọ ti ènìyàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́rin, ti ènìyàn, ti kìnnìún, ti akọ màlúù, ti idì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì dà bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ màlúù, tí kẹ̀kẹ́ tí ó kún fún ojú yíká ń bá wọn rìn. Ará ọ̀run àpáàdì kọ́ ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ru ìtẹ́ ògo. Ara ènìyàn lórí ẹsẹ̀ màlúù ni wòlíì náà rí, orí màlúù lórí ẹsẹ̀ ènìyàn ni ọmọ Júù ará Brooklyn yà; n kò sọ pé èkejì fi ojú sí ti èkíní, ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé mímọ́ kò bẹ̀rù àdàlù ẹ̀dá. Nígbà tí ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ bá tóbi ju ohun tí ojú ti rí lọ, kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó mú ohun tí ojú mọ̀ kí ó tò ó bí ojú kò ti rí i rí.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti jẹ́rìí sí èyí. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ará Òkè-Igbó, olùkọ́ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, kìrìsìtẹ́nì tọkàntọkàn, ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀; ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó ni ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938, pẹ̀lú gbogbo iwin àti ọ̀rọ̀ àti ẹbọra inú rẹ̀. Àwọn àlùfáà kò rí i pé ó ba ìhìnrere jẹ́. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo láti Agbarha-Otor, ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni ó ya ipa ọ̀nà àgbélébùú Jésù fún ìjọ Àgùdà ti St. Paul's ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, tí ó sì tún gbẹ́ ẹ ní ibùdó 14 fún títẹ̀ ní ọdún 1969. Ẹni tí ó bá ní ọwọ́ kan kò lè ya iwin kí ó sì ya Olùgbàlà, kí ó lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Ohun tí iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán kò yàtọ̀: kí ó mú ìrora tàbí ẹ̀rù tí kò ní ara, kí ó fún un ní ara tí ènìyàn lè wò láìsá.

Àwòrán tí mo lòdì sí ń bẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun gbogbo ni mo gbà. Èyí ni irú àwòrán iná ọ̀run àpáàdì tí a máa ń tà létí ọ̀nà, tí ayàwòrán ti kọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ sí ara olúkúlùkù tí ń jó níbẹ̀, tí kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹni tí ń wò ó, àfi kí ó bẹ̀rù tàbí kí ó yọ̀ pé òun kọ́ ni. Ẹ̀rù inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lọ síbì kankan, kò sì padà wálé. Ẹ̀dá inú rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí ọmọ bá wò ó, ohun tí yóò kọ́ ni bí a ti í wo ẹlòmíràn láìmọ̀ ọ́n ní ará ilé.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ìyá sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, nítorí pé nínú gbogbo ìwé náà, Sendak kò yà á. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kíkọ, ó bínú, ó ṣèdájọ́. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò rí ojú rẹ̀, a kò rí ọwọ́ rẹ̀, a kò rí etí aṣọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí Max padà dé tí ó ń ti orí aṣọ ìkookò sẹ́yìn, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. A ti gbé e wá, ẹni tí ó gbé e wá sì ti lọ. Bí a bá wá ṣí ojú-ewé tí ó kẹ́yìn, àwòrán kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó wà lórí funfun, láti sọ fún wa pé oúnjẹ náà ṣì gbóná. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí ni ayàwòrán tí ó lè ya gbogbo eyín ẹhànnà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ láti yà.

Nígbà tí mo ronú lé e lórí, àwọn agbẹ́gilére wa ni mo rántí. Wọ́n gbẹ́ ère fún Ṣàngó, wọ́n gbẹ́ fún Èṣù, wọ́n gbẹ́ fún àwọn ìbejì, wọ́n gbé odindi ìlú lé orí ìbòjú Ẹpa ní ilẹ̀ Èkìtì. Ṣùgbọ́n Olódùmarè, Ọba Àìrí, Atẹ́rẹrẹkáríayé, wọn kò gbẹ́ ère rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò ká a. Wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá fún un ní ojú, a ti sọ ọ́ di kékeré, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni a lè tọ́ka sí. Ẹnìkan lè fò mọ́ ọn níbí pé, áà, mo ti rí i, ìyá Max dúró fún Ọlọ́run! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá náà. Ìyá Max ni í ṣe, obìnrin tí ọmọ ti sú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ó sì tún gbé oúnjẹ wọ yàrá, bí a bá sì sọ ọ́ di àmì, a ti gba oúnjẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti mọ̀, láti orí ẹsẹ̀ òbí rẹ̀ níbi tí a ti ń ka ìwé fún un, pé ẹni tí a kò rí lè ti wá kí ó sì ti lọ, kí ooru inú àwo sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, bí ó bá dàgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wàásù fún un nípa Ẹni tí ojú kò tó, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣe àjèjì sí i, ì báà jẹ́ ní mọ́sálásí ni, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.